Jẹ́sì Ọmọdé Oníṣẹ́ Ọnà Aboriginal: Ṣé Ti AFL Ni Àbí Ti NRL?

AFL (líìgì bọ́ọ̀lù Ọsirélíà) àti NRL (líìgì rọ́gbì) ní Ọsirélíà ń ya àkókò kan sọ́tọ̀ lọ́dọọdún fún àwọn onílẹ̀ ibẹ̀, ìyẹn àwọn Aboriginal àti àwọn ará erékùṣù Torres Strait, tí àwọn ẹgbẹ́ á sì wọ jẹ́sì tí ayàwòrán onílẹ̀ fúnra rẹ̀ ya ọnà rẹ̀. Ti AFL bẹ̀rẹ̀ ní 2007. Láti 2016 ni wọ́n ti ń fi orúkọ Sir Doug Nicholls pè é, ọmọ ẹ̀yà Yorta Yorta tó gbá bọ́ọ̀lù fún ẹgbẹ́ Fitzroy kó tó wá di gómìnà South Australia. NRL ní tiwọn, wọ́n sì tún ní jẹ́sì All Stars, ẹgbẹ́ àṣàyàn àwọn agbábọ́ọ̀lù onílẹ̀, láti 2010.

Bó bá jẹ́ ọnà ló wù yín, ti AFL ni kí ẹ rà. Kò lápá, àmì agbátẹrù iwájú rẹ̀ kéré, ọnà sì ráyè láti èjìká dé ìsàlẹ̀. Ti NRL lápá, àmọ́ orúkọ agbátẹrù ńlá máa ń dábùú àyà rẹ̀, á sì gé àwòrán sí méjì. Ọmọ tó fẹ́ wọ̀ ọ́ jáde ni ti NRL yẹ jù.

Ibi tí owó ti ń ṣòfò ni ayédèrú. Ní ti ojúlówó, ooru tó tó 200°C ni wọ́n fi ń tẹ aró láti orí bébà wọnú fọ́nrán pọliẹ́sítà, nítorí náà ẹ fọwọ́ pa ojú ọnà: aṣọ lásán ló yẹ kó rí lọ́wọ́. Tó bá dà bíi rọ́bà, wọ́n lẹ̀ ẹ́ ni, á sì sán lẹ́yìn fífọ̀ díẹ̀. Ayédèrú míì náà máa ń jẹ́ títẹ̀ bẹ́ẹ̀, nítorí náà ẹ gbé fọ́tò tí ẹgbẹ́ fi síta sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, kí ẹ ka àwọn àmì tó-tò-tó kéékèèké inú òbírípo kan. Èyí tí wọ́n dà kọ láti orí fọ́tò, tó-tò-tó rẹ̀ á ti wọnú ara wọn. Ìtàn ilẹ̀ ayàwòrán ló wà nínú òbírípo yẹn, ayédèrú kì í sì í san kọ́bọ̀ fún un.

Jẹ́sì AFL ti 2020 tí àsìá Aboriginal wà lára rẹ̀, ẹ fura sí i. Ilé iṣẹ́ kan ló ní ẹ̀tọ́ títẹ̀ ẹ́ sára aṣọ nígbà yẹn, AFL kò sì lò ó. January 2022 ni ìjọba ra ẹ̀tọ́ àsìá náà, èyí tí Harold Thomas yà ní 1971.

Ìwọ̀n ọmọdé ń lọ ní 6, 8, 10 títí dé 16, nọ́ḿbà náà sì sún mọ́ ọjọ́ orí. Fún ìpamọ́, 14 tàbí 16 sàn jù. Ojú aṣọ 6 kéré, etí ọnà lè bọ́ sínú ojú ìrán.

Omi tútù ni kí ẹ fi fọ̀ ọ́, kí ẹ yí inú rẹ̀ síta, kí áyọ́nù má kan nọ́ḿbà ẹ̀yìn. Ẹ má ká a sínú ọ̀rá, nọ́ḿbà onírọ́bà á lẹ̀ mọ́ra wọn. Bébà tí kò ní ásíìdì ni kí ẹ fi sáàárín. Bí páálí orúkọ ayàwòrán àti ẹ̀yà rẹ̀ bá wà lára rẹ̀, ẹ má já a: òun ni ẹni tó bá fẹ́ rà á lọ́wọ́ yín máa kọ́kọ́ béèrè.