DSpace, EPrints àbí Islandora: èwo ni kò ní jẹ́ kí àtúnṣe yín pòórá lọ́jọ́ upgrade?

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ wà ní láíbìrì ilé ìwé gíga káàkiri Abẹ́òkúta níbí, tẹ́ ẹ ti ń bèèrè iye tí wọ́n máa gbà láti gbé pírójẹ́ẹ̀tì àti tísísì àwọn akẹ́kọ̀ọ́ sórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ jọ̀ọ́ ẹ má tíì sanwó. DSpace, EPrints àti Islandora ni sọ́fúwíà tí wọ́n fi ń ṣe irú iṣẹ́ yìí, ọ̀fẹ́ sì ni mẹ́tẹ̀ẹ̀ta o, ẹni tó máa bá yín tò ó lẹ fẹ́ sanwó fún, àmọ́ tó bá yá ẹ máa ní láti ṣe upgrade, ìyẹn ni pé kẹ́ ẹ bọ́ sórí version tuntun, ọjọ́ yẹn lẹ máa mọ irú iṣẹ́ tẹ́ ẹ rà.

Mo rí i lójú ara mi ní láíbìrì kan tí mo bá ṣiṣẹ́. DSpace 5 ni wọ́n ń lò, ẹni tó tò ó fún wọn kàn wọ inú fáìlì DSpace fúnra rẹ̀ lọ, ó pààrọ̀ kọ́lọ̀, ó gbé lọ́gò sí i, ó fi àyè orúkọ súpáfáísọ̀ kún fọ́ọ̀mù, kò sì kọ ohunkóhun sílẹ̀. Nígbà tá a fẹ́ bọ́ sórí 7, a ò mọ èwo ni tiwọn èwo ni ti DSpace mọ́, ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko la fi ń wá a, àwọn tó ń tẹ iṣẹ́ wọlé sì jókòó tì í lásán. Ó dùn mí gan-an.

Ẹ wo àwọn ìyá wa n'Ítòkú tó ń fi lááfún ya àdìrẹ ẹlẹ́kọ, ibi tí lááfún bá bò, aró ò lè wọ ibẹ̀. Bó ṣe yẹ kí àtúnṣe yín wà nìyẹn, kó wà níbi tí upgrade ò ní fọwọ́ kàn. Mẹ́tẹ̀ẹ̀ta ló fi irú àyè bẹ́ẹ̀ sílẹ̀, ibi tí wọ́n fi sí àti bó ṣe tóbi tó ni kò dọ́gba.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú bí ojú ìwé ṣe rí, torí ibẹ̀ lẹkún ti ń bẹ̀rẹ̀. DSpace tí MIT àti HP gbé jáde lọ́dún 2002, ojú méjì ló ní títí dé 6, ìyẹn JSPUI àti XMLUI, nígbà tí 7 dé lọ́dún 2021 wọ́n yọ méjèèjì kúrò pátápátá, ojú tuntun kan ṣoṣo tí wọ́n fi irinṣẹ́ Angular kọ ló kù. Ìyẹn ni pé theme (aṣọ tẹ́ ẹ wọ̀ fún ojú ìwé yín) àtijọ́ kankan ò lè tẹ̀lé yín débẹ̀, ì báà jẹ́ pé ibi tó yẹ lẹ fi sí, ẹni tó bá sọ pé òun á gbé theme 6 yín bó ṣe wà sórí 9, irọ́ ló ń pa. Láti 7 wá sókè, inú fódà src/themes ni tiyín ń gbé. Kọ́lọ̀, lọ́gò àti fọ́ǹtì níbẹ̀ kì í sábà dààmú ẹnikẹ́ni, àmọ́ gbogbo HTML (kọ́ọ̀dù tó ń to ojú ìwé) tí wọ́n bá dà kọ láti inú DSpace wá sínú theme yín, ẹ máa ní láti tún un fi wé ti tuntun lẹ́ẹ̀kan kan, torí náà kí wọ́n dà kọ mọ níwọ̀n.

EPrints, tí Yunifásítì Southampton ṣe, fi ọkàn mi balẹ̀ jù lórí èyí. Gbogbo nǹkan tiyín, ojú ìwé, fọ́ọ̀mù, ọ̀rọ̀ orí ẹ̀rọ, inú fódà archives ló wà, kọ́ọ̀dù EPrints gangan wà lọ́tọ̀. Wàhálà tirẹ̀ ni pé ọjọ́ tí wọ́n dá ojúlé yín sílẹ̀ ni wọ́n da àwọn fáìlì cfg (fáìlì ètò) kọ síbẹ̀, upgrade kì í kàn wọ́n, tí version tuntun bá wá mú ètò tuntun wá, ẹ̀yin lẹ máa fọwọ́ gbé e wọlé, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ẹ ó kàn máa lo tàtijọ́ lọ láì mọ̀.

Islandora, orí Drupal, sọ́fúwíà tí wọ́n fi ń kọ́ ojúlé, ló jókòó lé. Theme ọmọ (èyí tó jogún láti ara theme mìíràn) àti module (ẹ̀yà àfikún) tiyín kò léwu, àmọ́ tí ẹnì kan bá lọ tún module àwọn ẹlòmíì ṣe, ọjọ́ tẹ́ ẹ bá ṣe composer update, àṣẹ tó ń fa version tuntun wọlé, ó ti lọ nìyẹn. Inú database ni ọ̀pọ̀ ètò rẹ̀ wà, nítorí náà kí wọ́n máa fi drush, irinṣẹ́ àṣẹ Drupal, kó o jáde sí fáìlì déédéé.

Lórí fọ́ọ̀mù, submission-forms.xml àti local.cfg ni ti DSpace, àwọn àyè tẹ́ ẹ bá fẹ́ dá fúnra yín, bíi orúkọ súpáfáísọ̀ yẹn, ẹ dá schema (àkójọ orúkọ àyè) tiyín sílẹ̀ fún un, ẹ má tì í mọ́ dc, ìyẹn Dublin Core tí gbogbo ayé ń lò. Ti EPrints, inú fódà cfg.d lẹ ti ń dá àyè, inú fódà workflows lẹ ti ń to fọ́ọ̀mù. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ kí ẹ̀rọ máa sọ Yorùbá (mo bẹ̀ yín, ẹ jẹ́ kó máa sọ ọ́), ní EPrints ẹ kàn máa ní fódà yo lábẹ́ lang, DSpace gba fáìlì json5 kan, ti Islandora wà nínú database, composer ò lè pa á rẹ́.

Èwo ni kẹ́ ẹ mú? Tísísì nìkan lẹ ní tí òṣìṣẹ́ kọ̀ǹpútà yín sì jẹ́ ẹyọ kan, mo fara mọ́ EPrints bó bá gbọ́ Perl, èdè kọ̀ǹpútà tí wọ́n fi kọ ọ́, Covenant ní Ọ̀tà pàápàá ń lò ó. Bí kò bá gbọ́ Perl, DSpace, torí ẹni tó mọ̀ ọ́n pọ̀ ní Nàìjíríà. Islandora dára fún fọ́tò àti ìwé ìròyìn àtijọ́ tẹ́ ẹ fẹ́ ṣí lójú ewé sójú ewé, irú Ìwé Ìròyìn tí Townsend bẹ̀rẹ̀ nílùú yìí lọ́dún 1859, àmọ́ ohun tó ń ṣiṣẹ́ pọ̀ lábẹ́ rẹ̀ pọ̀, ó ń jẹ server, tó bá jẹ́ jẹnẹrétọ̀ lẹ fi ń gbé iná ẹ tún un rò.

Èyí tẹ́ ẹ bá mú, ẹ kọ ọ́ sínú àdéhùn pé git (ibi tí wọ́n ń tọ́jú kọ́ọ̀dù àti gbogbo ìyípadà rẹ̀) tí gbogbo àtúnṣe wà nínú rẹ̀ jẹ́ tiyín, kì í ṣe ti ẹni tó tò ó. Kó fi version tó ṣíwájú ti ìsìnyí tò ó, kó gbé gbogbo àtúnṣe yín sí i, kó wá ṣe upgrade rẹ̀ lójú yín lórí server ìdánwò, kẹ́ ẹ tó san ìdajì owó tó kù.