Àwọn òṣìṣẹ́ àyíká tó wá sí ilé-ẹ̀rọ gàrí wa ní Kàbbà: ohun tí mo rí lọ́wọ́ wọn

Ká tó lọ jìnnà, máàkì 8 nínú 10 ni mo fún wọn. Méjì tí mo yọ, màá sọ ìdí rẹ̀, torí ó ń dùn mí gan-an.

Àwa obìnrin tó ń ṣe gàrí lápá ibí, láti Kàbbà dé Ìyàrá títí lọ sí Ìsánlú, a mọ bí òṣìṣẹ́ ìjọba ṣe máa ń wọlé. Mọ́tò á dúró, wọ́n á wo gọ́tà, wọ́n á ní ó ń rùn, wọ́n á já ìwé ìtanràn fúnni, wọ́n á lọ. Gọ́tà náà á sì máa rùn lọ. Àwọn tí mò ń sọ yìí yàtọ̀. Ìdánilẹ́kọ̀ọ́ ọ̀fẹ́ fún àwa oníṣẹ́ kéékèèké ni ìjọba tìtorí ẹ̀ rán wọn wá, wọn ò sì béèrè ìwé kankan lọ́wọ́ wa. Ọ̀dọ́mọkùnrin tó ṣáájú wọn kí wa tán, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, níbo ni omi ìdọ̀tí yìí ti ń bẹ̀rẹ̀?" Ibi tó ń ṣàn lọ ni gbogbo àwọn tó ti ń wá tẹ́lẹ̀ máa ń béèrè.

Ó bá wa rìn láti ìdí òkìtì ẹ̀gẹ́ títí dé ìdí àgbadà. Ó rí i pé omi ni wọ́n ń dà sórí ẹ̀gẹ́ tí iyẹ̀pẹ̀ ṣì wà lára rẹ̀, ó ní kí wọ́n kọ́kọ́ gbọn iyẹ̀pẹ̀ náà dànù ní gbígbẹ. Ó ní ká to abọ́ ńlá mẹ́ta, kí omi tí a fi ṣan ẹ̀gẹ́ kẹ́yìn jẹ́ èyí tí a ó fi fọ ẹ̀gẹ́ mìíràn tó bá dé ní fífọ̀ àkọ́kọ́. Ẹni tó bá ń ra omi táńkà nígbà ẹ̀ẹ̀rùn mọ ohun tí ìyẹn túmọ̀ sí lápò. Ẹ́ńjìnnì wa tí epo dísẹ̀lì ń kán lábẹ́ rẹ̀, kò ní ká máa da iyẹ̀pẹ̀ bò ó. Ó ní ká pe mẹkáníìkì kó dí ojú tó ń jò.

Ṣùgbọ́n ìdí jáàkì lọ̀rọ̀ wà. Ẹ mọ̀ ọ́n: ẹ̀gẹ́ tí a ti lọ̀ á wà nínú àpò, a ó fi jáàkì tẹ̀ ẹ́, omi funfun á máa ṣàn, á gba ẹ̀yìnkùlé lọ. Koríko kì í hù níbi tó bá ń gbà. Ewúrẹ́ tó bá mu ún yó lè kú, torí sáyánáìdì inú ẹ̀gẹ́ máa ń bá omi yẹn jáde. Ọmọ yìí gbọ́n omi náà sínú ìgò tó mọ́ gaara, ó gbé e sórí bẹ́ǹṣì, ó wá ń bá àwọn ọmọ tó ń lọ ẹ̀gẹ́ sọ̀rọ̀. Nígbà tó fi máa padà síbẹ̀, nǹkan funfun ti silẹ̀ sídìí ìgò, omi òkè sì ti ń mọ́. Ó rọra da omi yẹn kúrò, ó fi ṣíbí ha ìyókù, ó kó o sí mi látẹ́lẹwọ́. Ó tutù, ó wúwo, bí mo sì ṣe ń fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́ ló ń dún kín-ín-kín-ín. Ṣítáàṣì ni. Ó ní, "Màmá, ọjà lẹ̀ ń dà sílẹ̀ yìí o."

Kòtò sìmẹ́ńtì mẹ́ta la wá ṣe, ọ̀kan ga ju èkejì lọ. Ṣítáàṣì ń silẹ̀ nínú ti àkọ́kọ́, omi ń ṣàn bọ́ sínú èyí tó tẹ̀ lé e. Àwọn alágbàfọ̀ ń ra ṣítáàṣì náà. Omi tó kù nínú kòtò ìkẹyìn ṣì lóró nínú o. Ẹ bò ó, ẹ má jẹ́ kí ẹran débẹ̀.

Ọ̀rọ̀ èèpo ẹ̀gẹ́ náà dára. Àwọn onímọ̀ ILRI, ilé-iṣẹ́ ìwádìí ẹran ọ̀sìn tó wà nínú ọgbà IITA, ilé-iṣẹ́ ìwádìí ohun ọ̀gbìn, ní Ìbàdàn, ti fi hàn pé èèpo ẹ̀gẹ́ ṣeé lọ̀, ṣeé fi jáàkì fún, ṣeé kù, ṣeé yan bíi gàrí, kó sì di oúnjẹ ẹran. Tọ́ọ̀nù 3 èèpo tútù ń di tọ́ọ̀nù 1 oúnjẹ ẹran. Ẹ̀rọ kan náà tí a fi ń ṣe gàrí ló ń ṣe é, kò sì ní ká máa dúró de oòrùn nígbà òjò. Èèpo tó máa ń jẹrà lẹ́yìn ilé wa tẹ́lẹ̀, a ti ń yan án báyìí, àwọn ẹlẹ́dẹ̀ àti ewúrẹ́ àdúgbò ló sì ń jẹ ẹ́.

Ó wá ku máàkì méjì. Ọ̀kan lọ sórí ìwé tí wọ́n fi sílẹ̀ fún wa, tó jẹ́ òyìnbó láti òkè délẹ̀. Èmi tí mo ṣe tíṣà kí n tó fẹ̀yìn tì kà á. Àwọn tó ń tẹ jáàkì gan-an ńkọ́?

Èkejì ló burú jù. Kò pẹ́ tí wọ́n lọ ni àwọn ẹlòmíì láti ọ́fíìsì kan náà dé pẹ̀lú ìwé ìtanràn, ohun tí a fi inú kan han àwọn ti àkọ́kọ́ ni wọ́n sì kọ sínú rẹ̀. Láti ọjọ́ náà, ilé-ẹ̀rọ tó wà nítòsí wa ń ti ilẹ̀kùn tí wọ́n bá ti rí mọ́tò ìjọba. Mi ò lè dá wọn lẹ́bi.

Mo mọ ibi tí ìwà ọlọ́pàá yìí ti wá. Ní 1988, lẹ́yìn tí wọ́n kó ìdọ̀tí olóró láti Ítálì wá jù sí Kòkó, ìlú tó wà ní ìpínlẹ̀ Delta báyìí, ni ìjọba àpapọ̀ dá FEPA, àjọ tó ń dáàbò bo àyíká, sílẹ̀. NESREA, àjọ tó ń rí sí òfin àyíká, rọ́pò rẹ̀ ní 2007, mímú kí èèyàn pa òfin mọ́ ni iṣẹ́ tó wà nínú orúkọ rẹ̀. Ìdọ̀tí tó ti délẹ̀ la fi bẹ̀rẹ̀, a ò tíì kúrò níbẹ̀. Amẹ́ríkà ṣòfin ní 1990 pé kí wọ́n kọ́kọ́ dènà ìdọ̀tí níbi tó ti ń bẹ̀rẹ̀, kí dídà á nù jẹ́ ohun tí wọ́n á ṣe kẹ́yìn.

Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ń ṣiṣẹ́ ilé ìfọṣọ ní Worcester, ní ìpínlẹ̀ Massachusetts. Òun ló sọ fún mi pé òfin tiwọn ti wà láti 1989. TURI, ilé-iṣẹ́ tó ń ran oníṣòwò lọ́wọ́ láti dín lílo kẹ́míkà olóró kù, tó wà ní yunifásítì ìpínlẹ̀ náà ní Lowell, ti fún àwọn alágbàfọ̀ lówó ìrànwọ́ kí wọ́n lè fi perc, kẹ́míkà olóró tí wọ́n fi ń fọ aṣọ, sílẹ̀, kí wọ́n máa fi omi fọ̀ ọ́. Ọ́fíìsì mìíràn tún wà tó ń bẹ oníṣòwò wò lọ́fẹ̀ẹ́. Iṣẹ́ ìtanràn kọ́ ni wọ́n ń ṣe, àṣírí tí wọ́n bá sì rí, ọ̀dọ̀ wọn ló ń kú sí. Ohun tí mo fẹ́ kí ìjọba wa ṣe nìyẹn: kí ẹni tó ń kọ́ wa má jẹ́ ẹni tí á lọ fẹjọ́ wa sùn. Bí ọ̀ràn kan bá le débi ìtanràn, kí wọ́n kọ́kọ́ fún wa láyè tó tó láti tún un ṣe.

Bí wọ́n bá kan ilẹ̀kùn yín, ẹ ṣí i fún wọn, kí ẹ sì bi wọ́n kí wọ́n tó wọlé bóyá ìwé ìtanràn wà lọ́wọ́ wọn. Àwọn ará Mọ̀pà àti Ẹ̀gbẹ̀ tó ń béèrè bí a ṣe gbẹ́ kòtò náà, ẹ yà sọ́dọ̀ wa. Ẹ ṣáà má wá lọ́jọ́ ọjà, a ò ní ráyè dá yín lóhùn.