Ìkìlọ̀: Ẹ má ra odídẹrẹ́ tí ẹ ò rí ẹ̀yìn rẹ̀

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń ra àwòrán ẹyẹ àtijọ́ ní Lọ́ńdọ̀nù, ẹ gbọ́ o. £320 ni mo kà sọ́wọ́ ọkùnrin kan láàárọ̀ Sátidé. £320! Owó tí mo fi iṣẹ́ òru wá.

Odídẹrẹ́ tiwa gan-an ni wọ́n yà síbẹ̀, ara rẹ̀ bí eérú, ìkó ìdí rẹ̀ pọ́n wẹ̀ẹ̀. Ọkùnrin náà ní inú ìwé Levaillant, ará Faransé tó kọ̀wé nípa ẹyẹ, lórí àwọn odídẹrẹ́ ni wọ́n ti gé e, èyí tí wọ́n tẹ̀ ní Paris láàárín 1801 sí 1805, pé ayàwòrán tó ń jẹ́ Barraband ló yà á. Ìwé yẹn wà lóòótọ́, mo mọ̀ ọ́n, èmi kì í ṣe ọ̀dẹ̀. Ibẹ̀ gan-an ló ti mú mi. Mo ní kó yọ ọ́ nínú férémù kí n wo ẹ̀yìn rẹ̀. Ó ní, "Sà, atẹ́gùn á bà á jẹ́." Òyìnbó pè mí ní sà, orí mi wú.

Mo gbé e kọ́ sí pálọ̀. Ọmọ mi, ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, ló gbé awò tó fi ń wo kòkòrò lé ìkó náà: "Dádì, kí ló dé tó rí tótòtó?" Mo wò ó. Pupa, yẹ́lò, dúdú, ó tò bí àwọ̀n, bíi ti páálí bísíkíìtì! Mo fi ọ̀bẹ tú férémù. Ẹ̀yìn bébà funfun báláú. Omi tíì ni wọ́n fi kun iwájú kó lè dà bíi ti àtijọ́. Tíì! Ìyàwó mi ò sọ nǹkan kan, ìyẹn ló dùn mí jù.

Mo padà lọ ní Sátidé kejì, ẹni tó ń ta bàtà ni mo bá níbẹ̀. Ẹ máa ní ṣé mi ò gba rìsíìtì ni? Mo gbà á! "Àwòrán ẹyẹ, £320" ló kọ, kò kọ ọdún kankan, mi ò sì kà á títí mo fi délé. Ẹ̀bi mi nìyẹn, mo gbà. Ṣùgbọ́n ta ló ń ka rìsíìtì lójú ẹni tó ń pè é ní sà?

Ẹ mú awò dání. Tótòtó aláwọ̀ mélòó kan tó tò bí àwọ̀n, ẹ̀rọ òde òní ni. Ẹ wo bóyá etí àwo bàbà tí wọ́n fi ń tẹ àwòrán láyé àtijọ́ tẹ bébà wọnú yí àwòrán ká, bó tilẹ̀ jẹ́ pé wọ́n lè ti gé ibẹ̀ kúrò. Ẹ wo ẹ̀yìn.

Àní Levaillant fúnra rẹ̀! Lọ́dún 1857 ni Sundevall, onímọ̀ nípa ẹyẹ ará Sweden, tú u fó pé àwọn ẹyẹ kan nínú ìwé rẹ̀ lórí Áfíríkà, ìyẹ́ ẹyẹ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n tò pọ̀. Àwọn tó sì ń ta ojúlówó, ṣebí odindi ìwé ni wọ́n ń fọ̀bẹ gé? Ọ̀kan náà ni gbogbo wọn.

Fìlà búlúù ni ọkùnrin tó tà á fún mi dé, irùngbọ̀n rẹ̀ funfun. Tó bá ti pè yín ní sà, ẹ máa lọ.