Òkè Masada: Ọ̀nà Ẹ̀yìn Ló Dára Jù

Ọ̀nà méjì ni wọ́n ń gbà gun òkè Masada, odi agbára àtijọ́ kan ní Ísírẹ́lì, ọ̀kan péré ni ọ̀pọ̀ àlejò sì mọ̀. Ọ̀nà ìlà-oòrùn dojú kọ Òkun Iyọ̀. Ibẹ̀ ni bọ́ọ̀sì ń já èrò sí, ibẹ̀ náà ni ọkọ̀ tó ń rìn lórí wáyà ti ń gbé wọn gòkè. Ọ̀nà ìwọ̀-oòrùn ni òkìtì tí àwọn ọmọ ogun Róòmù mọ láti fi wó odi náà wà. Bó bá jẹ́ ìtàn ọ̀tẹ̀ àwọn Júù sí ìjọba Róòmù ló gbé yín débẹ̀, ẹ gba ìwọ̀-oòrùn.

Ẹ má ṣi ọ̀nà o: kò sí títì tó so ẹ̀gbẹ́ méjèèjì pọ̀ nísàlẹ̀ òkè. Títì 90, létí òkun, ló lọ sí ìlà-oòrùn. Ìlú Arad ni wọ́n ti ń yà sí ìwọ̀-oòrùn. Awakọ̀ tó bá tẹ "Masada" lásán sínú máàpù fóònù rẹ̀ lè bá ara rẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ tí kò fẹ́, yóò sì fi bíi wákàtí kan yí padà. Ẹni tí kò bá ní mọ́tò kò ní ju ìlà-oòrùn lọ, ṣùgbọ́n kò pàdánù púpọ̀: orí òkè náà gùn tó bíi 600 mítà, ó fẹ̀ tó bíi 300, ìrìn díẹ̀ ni láti ibi tí ọkọ̀ wáyà dúró dé orí òkìtì.

Láti ìwọ̀-oòrùn, ìrìn ìṣẹ́jú 15 sí 20 ni. Ẹ rọra rìn ín. Orí òkúta tó ti yọ jáde níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ ni àwọn ará Róòmù kó erùpẹ̀, òkúta àti igi lé, títí ó fi ga tó láti ti ilé-ìṣọ́ onígi àti igi ńlá tí wọ́n fi ń kan odi gòkè. Ẹ wo ẹ̀gbẹ́ òkìtì náà dáadáa: ìtì igi tamariski àti ti ọ̀pẹ détì ń yọrí jáde láàárín erùpẹ̀. Aginjù yìí gbẹ débi pé ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó 2,000 ọdún, igi náà kò jẹrà.

Ọdún 66 lẹ́yìn ìbí Kristi ni ọ̀tẹ̀ náà bẹ̀rẹ̀. Ní ọdún 70, Jerúsálẹ́mù bọ́ sọ́wọ́ Róòmù, tẹ́ńpìlì sì jóná. Àwọn Sikárì, ẹgbẹ́ Júù ọlọ̀tẹ̀ tí ọ̀bẹ kékeré abẹ́ aṣọ sọ ní orúkọ, ṣì wà lórí Masada lábẹ́ Eleazar ọmọ Yair. Gómìnà Flavius Silva kó Ẹgbẹ́ Ogun Kẹwàá wá dó tì wọ́n, òkè náà sì bọ́ ní ọdún 73 tàbí 74. Ẹ dúró sí etí òkè kí ẹ wolẹ̀: ibùdó ogun mẹ́jọ ló yí i ká, ògiri òkúta tó gùn tó bíi 4 kìlómítà ló sì so wọ́n pọ̀ kí ẹnikẹ́ni má baà sá. Ìlà àwọn àgọ́ ọmọ ogun ṣì hàn kedere. Ibùdó Silva fúnra rẹ̀ wà ní ìwọ̀-oòrùn, nítòsí òkìtì. Àwọn Júù tí wọ́n ti mú lẹ́rú ni Róòmù fi ń ru omi mímu àti oúnjẹ wá. Èmi ò rí ibòmíràn tí ojú lè fi ka ìdótì kan tán báyìí.

Lókè, ẹ wá ìlà dúdú lára àwọn ògiri. Gbogbo òkúta tó wà nísàlẹ̀ ìlà náà ni awalẹ̀pìtàn bá níbẹ̀. Èyí tó wà lókè rẹ̀ ni wọ́n tún mọ. Ó yẹ kí gbogbo ibi ìṣẹ̀ǹbáyé ní irú nǹkan yìí. Ọba Hẹ́rọ́dù ló kọ́ ààfin tó sọ̀ kalẹ̀ ní ìpele mẹ́ta sí àríwá, àtẹ̀gùn rẹ̀ ga, orúnkún tó ń dunni kò ní gbà á. Ẹ má fo sínágọ́gù tó wà lára odi: abẹ́ ilẹ̀ yàrá ẹ̀yìn rẹ̀ ni wọ́n ti rí àjákù ìwé Diutarónómì àti ti Ìsíkíẹ́lì, títí kan orí 37, níbi tí egungun gbígbẹ ti jí dìde.

Ìtàn tí àwọn afinimọ̀nà ń sọ jù ni ti àwọn 960 tó pa ara wọn kí Róòmù má baà kó wọn lẹ́rú, tó fi ku obìnrin méjì àti ọmọ márùn-ún. Josephus, òpìtàn Júù ìgbà náà, nìkan ló kọ ọ́, kò sì sí níbẹ̀. Egungun tí awalẹ̀pìtàn Yigael Yadin wú láàárín ọdún 1963 sí 1965 kò sún mọ́ iye yẹn rárá. Àpáàdì 11 tí orúkọ wà lára wọn, tí "ọmọ Yair" jẹ́ ọ̀kan, ni Yadin rò pé wọ́n fi ṣẹ́ kèké lálẹ́ ọjọ́ yẹn láti yan àwọn tí yóò pa àwọn yòókù, ṣùgbọ́n ọkùnrin mẹ́wàá ni Josephus sọ pé wọ́n yàn, àwọn mìíràn sì ní ìpín oúnjẹ ni àpáàdì náà wà fún. Josephus yìí kan náà ló kọ ọ́ pé àwọn Sikárì ya wọ Éńgédì, ìlú Júù kan nítòsí, nígbà Àjọ Ìrékọjá, wọ́n sì pa obìnrin àti ọmọdé tó lé ní 700, Júù bíi tiwọn. Bí afinimọ̀nà bá fo èyí, ẹ bi í. Ẹ̀tọ́ àwọn òkú yẹn ni.

Agogo 8 ni ọkọ̀ wáyà ń bẹ̀rẹ̀, nítorí náà ẹni tó bá fẹ́ rí yíyọ oòrùn gbọ́dọ̀ fẹsẹ̀ gùn ún. Ọ̀nà Ejò ní ìlà-oòrùn gùn tó bíi 2 kìlómítà, ó sì ń gba wákàtí kan. Àṣìṣe tó wọ́pọ̀ ni kí èèyàn bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ láago mẹ́sàn-án pẹ̀lú ike omi kékeré kan: kò sí ibòòji, oòrùn á sì máa lu ẹ̀yìn rẹ̀ títí dé òkè. Bí ooru bá pọ̀ jù, wọ́n máa ń ti ọ̀nà náà. Lítà mẹ́ta fún ẹnì kan kò pọ̀. Omi ẹ̀rọ wà lókè tí ẹ lè bù sí i, oúnjẹ ni kò sí. Owó ọkọ̀ wáyà yàtọ̀ sí owó ìwọlé, ẹ sọ ọ́ ketekete nígbà tí ẹ bá ń ra tíkẹ́ẹ̀tì bóyá lílọ nìkan ni àbí àlọ àtàbọ̀. Lọ́jọ́ Ẹtì wọ́n máa ń tètè tilẹ̀kùn, bọ́ọ̀sì Jerúsálẹ́mù sì máa ń dáwọ́ dúró lọ́sàn-án títí Sábáàtì yóò fi parí.

Ìsàlẹ̀ ìlà-oòrùn ni ilé ìṣẹ̀ǹbáyé tó ń jẹ́ orúkọ Yadin wà. Ohun èlò tí ẹ óò fi sétí ni yóò máa ṣàlàyé fún yín bí ẹ ti ń rìn nínú òkùnkùn rẹ̀. Ẹ wọ ibẹ̀ kí ẹ tó gòkè, kí ojú yín ti mọ ohun tó ń wá.