Kíláàsì kámẹ́rà olóṣù mẹ́ta n'Íbàdàn: ṣé ó tó owó ẹ̀?

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ń bi mí pé ṣé kíláàsì fíìmù tí mo lọ yẹn dáa, ó dáa o. Mi ò ní dárúkọ ibẹ̀ torí mo ní ẹjọ́ díẹ̀ tí mo fẹ́ rò nípa irinṣẹ́ wọn, àmọ́ bí wọ́n ṣe ń kọ́ni yẹn lẹ gbọ́dọ̀ wò níbikíbi tẹ́ ẹ bá fẹ́ sanwó sí.

Ibi púpọ̀, orúkọ shot, ìyẹn oríṣi àwòrán tí kámẹ́rà ń yà, ni wọ́n á kó fún ẹ, close-up, wide, medium, over-the-shoulder, wàá há a sórí, ó tán. Ní ibí yìí, fíìmù ni wọ́n ní ká lọ yà. Àkọ́kọ́, fíìmù oníṣẹ́jú méjì, kámẹ́rà ò sì gbọ́dọ̀ mira rárá, orí tripod, ìyẹn igi ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́ta tí wọ́n ń gbé kámẹ́rà lé, ló máa wà látìbẹ̀rẹ̀ dópin. Inú bí gbogbo wa, ta ló fẹ́ ya fíìmù tí ò mira nígbà tí gimbal, irinṣẹ́ tí kì í jẹ́ kí kámẹ́rà gbọ̀n tó o bá ń gbé e rìn, wà ńlẹ̀? Àfi ìgbà tá a bẹ̀rẹ̀ tá a rí i pé tí o ò bá lè gbé kámẹ́rà kiri, dandan ni kó o ronú ibi tó o máa gbé e kalẹ̀ sí. Ìyá kan ń ka owó ọjà ẹ̀, tó o bá yà á láti òkèèrè, ìsọ̀ àti ariwo ọjà lèèyàn máa wò, àmọ́ tó o bá sún mọ́ ọwọ́ ẹ̀ tó ń fi àtàǹpàkò na náírà tó ti rún, tó tún un kà, èèyàn á ti mọ̀ pé owó yẹn ò pé.

Project kejì ló dùn mọ́ mi jù. Ìrìn kan ṣoṣo ni wọ́n fún wa láyè, pan ni o (yíyí kámẹ́rà sọ́tùn-ún tàbí sósì), tilt ni o (gbígbé ojú ẹ̀ sókè tàbí sílẹ̀), dolly ni o (títi kámẹ́rà fúnra ẹ̀ lọ síwájú tàbí sẹ́yìn), o sì gbọ́dọ̀ sọ ìdí ẹ̀ kó o tó tẹ record. Tíṣà wa á kàn bi ẹ́ pé, "Kí ló ń gbé kámẹ́rà yẹn rìn?" Àwa ya ọmọbìnrin kan tó ń wo rísọ́ọ̀tì JAMB lórí fóònù, wheelchair la fi ṣe dolly, ẹnì kan ń tì í, ẹnì kan jókòó mú kámẹ́rà. Tíṣà ní ká má tì í títí ìka ọmọ yẹn fi máa dúró lórí fóònù. Háà! Gbogbo ẹ̀ yàtọ̀, ṣe ló dà bíi pé ẹ̀rù tó bà á ló fà wá lọ bá a.

Wọ́n tún jẹ́ ká ya dolly àti zoom (lẹ́ńsì ló ń fa àwòrán sún mọ́ni, kámẹ́rà ò kúrò lójú kan) ní kọ́rídọ̀ kan náà ká lè fi wéra. Nínú zoom, gbogbo ẹ̀ kàn tóbi ni, ara ògiri lẹ́yìn ò yàtọ̀, àmọ́ nínú dolly àwọn ilẹ̀kùn ń kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ, o máa mọ̀ pé o ń rìn wọlé. Ẹgbẹ́ kan gbé kámẹ́rà kọjá sódì kejì nígbà tí èèyàn méjì ń sọ̀rọ̀, ìgbà tí wọ́n ẹ́díìtì ẹ̀ ló wá dà bíi pé ibì kan náà làwọn méjèèjì ń wò, látìgbà yẹn kò sẹ́ni tó tún gbàgbé òfin 180 yẹn, pé ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo àwọn tó ń sọ̀rọ̀ ni kámẹ́rà gbọ́dọ̀ wà. Ibẹ̀ náà ni mo ti mọ ìdí tá a fi ń lo 25 fps (àwòrán mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n ní ìṣẹ́jú àáyá kan) àti shutter 1/50 (bí ojú kámẹ́rà ṣe ń pẹ́ tó ní ṣíṣí fún àwòrán kọ̀ọ̀kan) níbí, iná NEPA wa 50 Hz ni, ó ń lọ ó ń bọ̀ nígbà àádọ́ta ní ìṣẹ́jú àáyá kan, tí shutter ò bá bá a mu, gílóòbù lè máa ṣẹ́jú nínú fíìmù. Nígbà míì wọ́n á gbé iṣẹ́ Tunde Kelani sí i, wọ́n á pa ohùn ẹ̀, kámẹ́rà nìkan la máa wò, ọ̀gá yẹn kúkú ti jẹ́ oníkámẹ́rà kó tó di olùdarí.

Ẹjọ́ mi rèé: kámẹ́rà ò tó èèyàn, ẹlòmíì á lo gbogbo ọ̀sán kó tó fọwọ́ kàn án. Orí tripod wọn ti gan, tilt tó yẹ kó lọ jẹ́jẹ́ á máa fò. Ẹ bi wọ́n pé èèyàn mélòó ló ń pín kámẹ́rà kan kẹ́ ẹ tó sanwó, ẹ sì ní kí wọ́n jẹ́ kẹ́ ẹ fọwọ́ yí tripod náà wò. Wọn ò kọ́ wa ní nǹkan gidi nípa sound.

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti ń ya ìgbéyàwó tẹ́ ẹ fẹ́ bọ́ sínú fíìmù, irú kíláàsì yìí ni kẹ́ ẹ wá. Ẹni tó bá jẹ́ sound tàbí ìtàn kíkọ ló ń wá, kó lọ síbòmíì.