Àyẹ̀wò DNA tí mo ṣe fún ajá mi: èyí tó rí, èyí tí kò rí

Nígbà tí German Shepherd mi bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́ ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ní Kábà níbí, àbúrò mi tó ń gbé Amẹ́ríkà ní òun á ra àyẹ̀wò DNA tó ń wá àrùn àjogúnbá bọ̀ nígbà Kérésì. Ó mú un dé lóòótọ́: ọ̀pá tẹ́ẹ́rẹ́ méjì tí òwú wà lórí wọn, ike kékeré kan, àti nọ́ńbà tí a ó fi forúkọ ajá sílẹ̀ lórí íntánẹ́ẹ̀tì.

Wọ́n ní ajá ò gbọdọ̀ jẹun ṣáájú. Àṣé ọmọ mi ti fún un ní ìyókù iyán. Mo ní kò sí wàhálà, mo ki òwú bọ ẹ̀rẹ̀kẹ́ rẹ̀, mo ń yí i, ó ń wò mí bí ẹni pé orí mi ti dàrú. Oṣù kan kọjá, wọ́n ní DNA inú rẹ̀ kò tó. Wọ́n fún wa ní òmíràn lọ́fẹ̀ẹ́, àmọ́ kò dé Kábà lọ́fẹ̀ẹ́: ẹnìkan gbé e dé Àbújá, awakọ̀ kan gbé e gba Lọ́kọ́ja wá. Lẹ́ẹ̀kejì, mo jẹ́ kí ebi pa ajá náà dáadáa kí n tó fọwọ́ kàn án.

Èsì dé, àyà mi já. Ẹ̀dà méjì àbùkù jíìnì (ohun àjogúnbá inú ara) kan tó ń jẹ́ SOD1 ló ní, èyí tí wọ́n so mọ́ degenerative myelopathy, àrùn tó ń ba mùdùnmúdùn inú ọ̀pá ẹ̀yìn jẹ́ títí ajá ò fi ní lè dìde mọ́. Jínótáìpù lọkàn mi lọ bá: ẹ̀dà kan ni AS, ẹ̀dà méjì ni SS. Ìyàwó mi ti ń sọ pé ká ní kí wọ́n gún un lábẹ́rẹ́ kó kú, kó sinmi.

Dókítà ẹran ló dá wa dúró. "Bàbá, ẹ ní sùúrù ná, èyí kì í ṣe SS." Ó ní ajá tó ní ẹ̀dà méjì lè gbó kó kú láìní àrùn náà rárá, pé àwọn tó bá sì mú, wọ́n sábà máa ń ti tó ọmọ ọdún 8 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Tèmi ò tíì pé 4. Àrùn yẹn kì í sì í dun ajá, bẹ́ẹ̀ tèmi ń ké bí a bá ti fọwọ́ kan ìtan rẹ̀. Ó ní ká lọ ya X-ray ní Ìlọrin. Gbogbo kòtò tó wà lọ́nà Ìsánlú la mọ̀ lọ́jọ́ yẹn! Ìbàdí ni: orí eegun ìtan ò jókòó dáadáa sínú ihò rẹ̀. Òwú ẹ̀rẹ̀kẹ́ ò lè rí ìyẹn, nítorí jíìnì tó ń fà á pọ̀, ìsanra àti oúnjẹ náà sì lọ́wọ́ nínú ẹ̀.

Àwọn onímọ̀ kan kọ ọ́ sínú Nature, ìwé ìròyìn sáyẹ́ǹsì, lọ́dún 2018 pé àwọn tó ni pug (irú ajá kékeré kan) ọlọ́dún 13 kan ní kí wọ́n pa á lórí irú èsì SOD1 yìí, nígbà tó ṣeé ṣe kó jẹ́ àìsàn tó gbóògùn ló ń ṣe é. Díẹ̀ ló kù kí èmi náà ṣe bẹ́ẹ̀.

Àǹfààní kan wà níbẹ̀ ṣá. Èsì MDR1 rẹ̀ dáa, ìyẹn jíìnì tó jẹ́ pé bó bá ní àbùkù, oògùn ivermectin lè di májèlé fún ajá. Ọkàn dókítà balẹ̀ láti fi oògùn náà tọ́jú àrùn awọ ara rẹ̀.

Ìràwọ̀ 3 nínú 5 ni mo fún àyẹ̀wò náà. Ajá ti fọn díẹ̀, ó ti ń gun àtẹ̀gùn. Ọmọ mi nìkan ni kò tíì gbà pé kó má jẹ iyán mọ́.