Ilé ìsinmi tó gba ajá ní Curracloe, etíkun Wexford ní Ireland: ẹ lọ, àmọ́ ẹ yẹ ọgbà wò kẹ́ ẹ tó tú ajá sílẹ̀

Ẹ jẹ́ n ti orí owó bẹ̀rẹ̀ torí òun lẹ máa kọ́kọ́ bi mí. €480 la san fún alẹ́ mẹ́ta, wíkẹ́ńdì báńkì họ́lídè ti ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹfà, èmi, ọkọ mi, àwọn ọmọ méjì àti ajá. Wọ́n tún gba €30 lọ́tọ̀ lórí ajá. Ìgbà tí mo sọ fún màámi lórí fóònù, wọ́n dákẹ́, mo rò pé nẹ́tíwọ̀kì ti já ni, àfi bí wọ́n ṣe ní "Ẹ háyà ilé fún ajá?" Ọmọ Oǹdó ni wá o, ẹ sì mọ yẹ̀yẹ́ táwọn èèyàn máa ń fi wá ṣe tọ́rọ̀ ajá bá ti délẹ̀, títí dòní ni àbúrò mi ọkùnrin ń bi mí pé ṣé a gbé ata dání lọ.

Tanímọ̀la lorúkọ ajá wa. Ọkọ mi ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀, ó ní nílé bàbá òun, tẹ́ ẹ bá ń pe ajá, ará ilé kejì gbọ́dọ̀ mọ̀ pé òun lẹ ń bá wí. Àwọn ọmọ gé e kúrú sí Tani, màmá onílé wá ń pè é ní Tony, gbogbo ẹ̀ ló ń dáhùn.

Láti Dublin ó tó wákàtí méjì. Ọ̀nà márosẹ̀ M11 dáa títí kọjá ìlú Enniscorthy, ẹ̀yìn ìyẹn lọ̀nà á wá di tóóró, koríko hù láàárín títì, tẹ́ ẹ bá pàdé katakata, ẹ̀yin lẹ máa fẹ̀yìn rìn, kò sí àríyànjiyàn níbẹ̀. Ẹ máa wo ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà ṣá, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ta sitirọ́bẹ́rì Wexford, a ra páàkì méjì, ọ̀kan ò délé. Eircode (kóòdù àdírẹ́sì ilé) ni kẹ́ ẹ tẹ̀ sínú Google Maps o, ẹ má tẹ orúkọ ilé. Èmi tẹ orúkọ ilé, ó gbé wa wọnú ọgbà àgbẹ̀ kan, bàbá náà ti mọ ẹjọ́ tá a fẹ́ rò, wọn ò tiẹ̀ jẹ́ ká lanu, wọ́n kàn nawọ́ sọ́ọ̀ọ́kán.

Ilé yẹn kì í ṣe ilé olówó. Yàrá méjì, pálọ̀ kan, kíṣìnì tó há, ààrò onírin tí wọ́n ń ki igi sí kílé lè móoru. Àmọ́ ẹ wo ẹnu ilẹ̀kùn ẹ̀yìn: agbọ̀n kan wà níbẹ̀, tówẹ̀lì àlòkù mẹ́ta tí wọ́n ti fọ̀ tí wọ́n sì ká dáadáa, búrọ́ọ̀ṣì, abọ́ omi, agolo bísíkíìtì ajá, àti páálí kékeré kan tí màmá onílé fọwọ́ ara wọn kọ, pé ajá lè gun àga o, kó má ṣáà ti gun bẹ́ẹ̀dì. Ara mi balẹ̀ pẹ̀sẹ̀. Lọ́dún tó kọjá, ibòmíì tá a lọ, wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà pé àwọn gba ajá, ìgbà tá a débẹ̀ wọ́n ní inú ṣẹ́ẹ̀dì ló máa sùn, òjò sì ń rọ̀, ọkọ mi ló lọ bá a sùn sínú mọ́tò.

Alẹ́ àkọ́kọ́, omi tútù bíi yìnyín. Mo ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀ ìjà lórí WhatsApp kó tó di pé màmá dáhùn pé ẹ tan immersion, ẹ̀rọ tó ń mú omi gbóná, tó wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù, ẹ ní sùúrù díẹ̀. Ẹni tó ti pẹ́ ní Ireland á mọ̀, àmọ́ kí ló dé tí wọn ò kọ ìyẹn náà sórí páálí?

Ìsinmi wá ńkọ́? Mo ń ṣe iṣẹ́ alẹ́ nílé ìtọ́jú àwọn arúgbó, oorun tí mo sùn ní Curracloe, ó ti pẹ́ tí mo ti sun irú ẹ̀ gbẹ̀yìn. Lọ́jọ́ kejì òjò rọ̀ látàárọ̀ dọ̀sán, kò sẹ́ni tó sọ pé ká jáde, a ki igi sí ààrò, Tanímọ̀la nà gbalaja síwájú ẹ̀, ó ń hanrun bíi bàbá àgbà, èmi náà sùn lọ lórí àga pẹ̀lú ife tíì lọ́wọ́. Wàhálà tó kàn wà ni pé ilẹ̀ kì í tètè ṣú lóṣù kẹfà, aago mẹ́wàá alẹ́ ojú ọ̀run ṣì mọ́lẹ̀, àwọn ọmọ ní ọ̀sán ni.

Etíkun gan-an kò ju ìrìn ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ. Iyanrìn lọ salalu, ó tó kìlómítà mọ́kànlá, òkìtì iyanrìn tí koríko hù lórí ẹ̀ wà lẹ́yìn ẹ̀, igbó igi páìnì tí wọ́n ń pè ní Raven wà lápá gúúsù. Wọ́n ya fíìmù ogun ńlá kan lágbègbè yìí lọ́dún 1997, gbogbo ará àdúgbò ló fẹ́ sọ fún yín. Ẹ ka bọ́ọ̀dù tó wà lẹ́nu ọ̀nà o, ìgbà ẹ̀rùn wọn kì í fẹ́ kí ajá wà níbi táwọn èèyàn ti ń lúwẹ̀ẹ́ lọ́sàn-án, torí náà àárọ̀ kùtù àti ìrọ̀lẹ́ la ń lọ. Àárọ̀ ọjọ́ kẹta, ajá mi rí òkú ẹja kan, ó rò ó, ó wá fi ẹ̀yìn lélẹ̀, ó yí gbiri gbiri lórí ẹ̀. Òórùn yẹn! Ẹ̀rọ omi wà níta lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé, pẹ̀lú rọ́bà gígùn, ìgbà yẹn ni mo mọ iṣẹ́ tí tówẹ̀lì mẹ́ta yẹn wà fún.

Ọ̀rọ̀ tó dùn mí wá rèé. Wọ́n kọ ọ́ sórí íntánẹ́ẹ̀tì pé wọ́n ti ṣọgbà yí ilé ká pátá. Irọ́ ni. Ihò wà lábẹ́ igi ọgbà lápá òsì, òmíràn wà lẹ́yìn ṣẹ́ẹ̀dì, oko àgùntàn ló sì wà ní òdìkejì. Mò ń dín ata lọ́wọ́ (alámù èéfín ti dún lẹ́ẹ̀mejì) nígbà tí ọmọ mi obìnrin pariwo. Ajá tó máa sọnù kì í gbọ́ fèrè ọdẹ, mo pe Tanímọ̀la títí ohùn há, kò wẹ̀yìn. Ẹ sì mọ̀ pé láti ọdún 1986 òfin Ireland ò ní dá àgbẹ̀ lẹ́bi tó bá yìnbọn fún ajá tó ń dààmú àgùntàn ẹ̀, tí kò bá sí ọ̀nà míì tó lè gbà dá a dúró. Orí bá wa ṣe é, bísíkíìtì inú agolo ló fà á padà. Ẹsẹ̀ mi ṣì ń gbọ̀n nígbà tí mo rí i pé ata ti jóná.

Ọjọ́ yẹn la fi wọkọ̀ lọ sí Kilmore Quay, ìlú àwọn apẹja, a ra ẹja títù tí kò tíì wọ fírísà rí, mo fi jẹ ẹ̀bà. Ẹni tó bá ti ń jẹ títù láti kékeré, tí kò tíì jẹ ẹ́ tútù bẹ́ẹ̀, kò mọ̀ ọ́n. A tún ya ilé iná ojú omi ní Hook, ó ti tó 800 ọdún, àtẹ̀gùn 115, àwọn tó lókun gùn ún, èmi di okùn ajá mú nísàlẹ̀ nínú atẹ́gùn.

Mo fún wọn ní ìràwọ̀ mẹ́rin nínú márùn-ún, ọgbà ló jẹ ìkarùn-ún. Màmá bẹ̀bẹ̀ gan, wọ́n fi fọ́tò wáyà tuntun ránṣẹ́. Ihò apá òsì ni mo rí nínú fọ́tò, ti ẹ̀yìn ṣẹ́ẹ̀dì ò sí níbẹ̀, mo bi wọ́n, wọn ò tíì dáhùn. A ti sanwó fún ìparí oṣù kẹsàn-án ṣá. Mo ti ra okùn oní mítà mẹ́wàá.